Ọwọ́ Aago Lórí Iyanrìn

"Gbéra!"

Ìyá fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé ẹsẹ̀. Iyanrìn ọgbà ilé ìwé wa gbóná débi pé orí ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Àwọn ọmọ méjìlá jókòó yí mi ká, bí mo sì ti ń kọjá níwájú wọn, oníkálukú ń ké orúkọ tí Ìyá fún un: "Áínsì!" "Súfáì!" "Dráì!" Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ apẹja kan, ẹni tó máa ń jẹ́ aago mẹ́rin, ó ké "Fíà!" sí mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fò sẹ́yìn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ aago kì í fò sẹ́yìn," ni Ìyá wí. Òun náà ti fi etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. "Padà síbi tó o wà, ọmọ mi. Fíà kò ní bù ọ́ jẹ."

Èmi ni ọwọ́ aago, ọwọ́ kúkúrú tó ń sọ wákàtí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló máa ń ṣe ọwọ́ gígùn tó ń sọ ìṣẹ́jú, nítorí pé ó mọ eré sá, kò sì sí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè wí. Tí Ìyá bá gún ọ̀pá lẹ́ẹ̀kejì, àwa méjèèjì á dúró gbagidi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á wo ibi tí mo dúró sí, á wo ibi tí òun náà dúró sí, á sì fi èdè Jámánì, èdè tí áínsì ti jẹ́ oókan, tí súfáì sì jẹ́ èjì, ké iye aago tó lù. Èmi kì í wí nǹkan kan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn eré náà nìyẹn.

Mákùn-Omi ni mò ń sọ, létí ọ̀sà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí fún àwọn òyìnbó. Àgọ́ kan tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni ilé ìwé ìjọ wa. Láti inú rẹ̀ a máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń gbá ìdí àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan sì máa ń wọlé wá bá wa nídìí ìwé. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò níbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí forí jì mí níbi tí n kò bá ti kọ ọ́ dáadáa. Nínú ọdún kìíní, mo lè ka gbogbo lẹ́tà tó wà lára pátákó nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n tí Tíṣà bá ní kí n dìde kà á, ọ̀fun mi á gbẹ. "Ìwọ tí o kò lè dá 'ẹ kú àárọ̀' wí," ni àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ, wọ́n á sì máa kí ara wọn bí ẹni tí eyín ń dùn, wọ́n ní èmi ni wọ́n ń sín jẹ.

Ìyá kì í ṣe ìyá mi, kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Aládùúgbò ilé ìwé ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é lórúkọ rí nígbà ayé rẹ̀, ojú á tì mí láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹní ló ń hun. Láti òwúrọ̀ la ti ń gbọ́ koríko odò tí ń dún ṣíọ́ṣíọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri wa. Òórùn káfúrà àti ọṣẹ ló máa ń wá lára aṣọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, kò sì sí bí iṣẹ́ ṣe lè pọ̀ tó tí kò ní fi í sílẹ̀ láti kírun ní àkókò rẹ̀. Tó bá kírun tán, á ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, á tún jókòó ti ẹní rẹ̀.

Ara ògiri iyàrá rẹ̀ ni aago kan wà. Ó tóbi bí àwo ìjẹun, ojú rẹ̀ funfun, nọ́ńbà méjìlá sì yí i ká, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ kankan. Ìyá ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó, nílé àwọn Jámánì kan tí ń ra èkùrọ́. Òun ló ń se oúnjẹ wọn, òun ló sì ń lu agogo fún àwọn òṣìṣẹ́ láti wọlé àti láti jáde. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Òun náà kò gbọ́ Jámánì. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán gbọ́dọ̀ délẹ̀ ní aago méjìlá àbọ̀, agogo gbọ́dọ̀ dún ní aago kan, ẹyin ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ nínú omi gbígbóná. Nítorí náà, ọ̀gá kọ́ ọ ní aago.

"Èdè wọn tí mo gbọ́ kò ju ti aago lọ," ni ó sọ fún wa. "Tí ẹ bá ní kí n fi ra iyọ̀, n kò lè fi ra iyọ̀."

Nígbà tí ọ̀gá náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó gbé aago ara ògiri yẹn fún un. Ìyá gbé e wọ ọkọ̀, ó ń bọ̀ wálé. Ìjì kó wọn lójú ọ̀sà, aago bọ́ sómi. Wọ́n rí i yọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi dógùn-ún, tí wọ́n sì kán.

Ní ọjọ́ kan, Tíṣà fi ẹfun ya aago sí ara pátákó, ó ń gbìyànjú láti kọ́ wa. Aago kò sí nílé ẹnì kankan nínú wa, gbogbo wa kàn ń wò ó ni. Ìyá ti ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé aago aláìlọ́wọ́ rẹ̀ sí abẹ́ apá.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yá mi ní àwọn ọmọ yín títí di ìrun àlàásárì. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ọwọ́ aago."

Tíṣà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, bàtà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bóyá ooru ló mú un lọ́jọ́ náà, ó ní kò burú.

Báyìí ni eré wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní a bà á jẹ́ pátápátá. Ìyá fi òkúta méjìlá yí ilẹ̀ ká, ó ní kí a ka márùn-ún láti òkè kí a sì dúró síbẹ̀. Orí òkúta aago mẹ́rin ni gbogbo wa lọ dúró sí. Ó ní kí a tún un kà, a tún dúró síbẹ̀. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà la kà á. Tí ọjà bá ná lónìí, òní ni a fi ń ṣe oókan, ọ̀la ni èjì, títí a ó fi dé ọ̀rún tí ọjà á tún ná. Nítorí náà, òkúta òkè tí a dúró lé lórí la fi ṣe oókan.

Ìyá kò bínú. Ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó fi ọwọ́ di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. "Ibí yìí ni o dúró sí," ó wí. "O kò tíì ṣe nǹkan kan. Má kà á." Ó gbé ẹsẹ̀ mi, ó fi lé orí òkúta tó tẹ̀ lé e. "Nísinsìnyí la tó ní oókan. Ẹsẹ̀ tó gbéra la ń kà."

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwé, àfi tí wọ́n bá fẹ́ nà mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe ọwọ́ kúkúrú, n kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á.

Nígbà tí ó ṣe, a mọ háábù, èyí tí í ṣe àbọ̀. Tí ọwọ́ gígùn bá sáré dé ìsàlẹ̀, tí ọwọ́ kúkúrú sì wà láàárín dráì àti fíà, fíà ni á na ọwọ́ sókè, nítorí ìdajì tirẹ̀ ti dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi jiyàn, ó ní aago mẹ́ta ló kọjá, kí ló kan mẹ́rin? Ìyá ní, "Nígbà tí ẹ bá ń ka mẹ́rìndínlógún, ṣé ogún kọ́ lẹ ti ń wò lọ́ọ̀ọ́kán? Ẹni tó ń bọ̀ ni àwọn Jámánì náà ń wò." A mú un bẹ́ẹ̀, a kò sì jiyàn mọ́.

A ń ké e káàkiri ìlú. A ń ké e létí omi, a ń ké e nídìí ọlọ. Èyí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọ̀sán kan, Tíṣà jáde wá sí àárín wa, ó dá eré dúró.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bàbá ọmọ kan wá bá mi láàárọ̀ yìí. Ó ní ọmọ òun ń ké 'fúnfù, fúnfù' kiri ilé bí ẹni ń lé adìẹ."

"Aago márùn-ún nìyẹn, Tíṣà."

"Ta ló mọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ ní kí n kọ́ wọn. Èyí tí ẹ̀ ń kọ́ wọn yìí, n kò mọ̀ bóyá èdè ni tàbí ariwo ẹyẹ. Ẹ gbọ́, ọkọ̀ eléèéfín àwọn Jámánì ń bọ̀ wá kó èkùrọ́ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ké e níwájú ọ̀gá ọkọ̀ náà. Tó bá gbọ́ ọ, mo gbà. Tí kò bá gbọ́ ọ, Ìyá, ẹ kò ní wọ ọgbà yìí mọ́."

Ìyá wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. "Mo gbà," ó wí.

Nígbà tí Tíṣà wọlé tán, a yí i ká. Ọmọ apẹja ní, "Ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Òyìnbó á gbọ́ ọ." Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí ẹní tí kò tíì hun tán, ó ń fa koríko kan yọ, ó sì tún ń tì í bọ ibẹ̀. Ó ní, "Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn lẹ́nu ẹni tó ni ín. Bóyá ó ti yí padà lẹ́nu tèmi. Bóyá ariwo ẹyẹ náà ni mò ń pa lóòótọ́." Wákàtí kan péré ni mo ní nínú ọjọ́ tí wọn kì í fi mí ṣẹ̀sín, wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ ọjà, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà kí a tó rí èéfín rẹ̀. Ó gúnlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin gbàgẹ̀dẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo, ó ń fi aṣọ nu ọrùn. Ògbufọ̀ kan tó ti Èkó wá ń tẹ̀ lé e. Tíṣà kí wọn, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fún ògbufọ̀. Kíá ni àwọn ará ọjà ti pé lé wa lórí, àwọn tó gbé agbọ̀n ẹja kò tilẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ jókòó lórí àgbá kan, ó fa aago jáde láti inú àpò, ó ṣí i, ó sì nà án sí wa. Ó kàn gbé ojú sókè bí ẹni ń sọ pé, ó dáa, ẹ wí.

A sún mọ́ ọn. Ojú aago náà kò ní nọ́ńbà. Ilà kéékèèké méjìlá ló yí i ká, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù kò ba ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó rí i pé ọwọ́ gígùn wà ní ìsàlẹ̀ gan-an, ó mọ̀ pé háábù ni. Ṣùgbọ́n nínú eré wa, kò fìgbà kan kà á rí. Ọmọ tí mo bá dúró tì ló máa ń wò. Kò sí ọmọ kankan nínú aago yìí. Nítorí náà ó fi ìka kà á láti òkè bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ó fi ilà òkè ṣe oókan, ó sì ké e tagbára-tagbára:

"Háábù fúnfù!"

Ọ̀gá ọkọ̀ dẹ etí sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún un ké. Ọ̀gá wo aago, ó mi orí. "Náìn, náìn."

"Ó ní rárá," ni ògbufọ̀ wí.

"Ẹ ti gbọ́," ni Tíṣà wí. "Ó ní rárá."

"Iye aago náà ni kò gbà, kì í ṣe èdè náà!" ni Ìyá wí, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ? Ẹ̀rín ti sọ láàárín èrò. Ẹnì kan ń ké, "Fúnfù! Ẹ lé adìẹ yẹn fún mi o!" Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń sunkún. Ìyá yí padà. Gbogbo ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, ńṣe ni ọ̀pá rẹ̀ máa ń gún ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà ó ń wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń lọ.

Mo ti rí ojú aago yẹn. Bí mo ṣe ń wo iyanrìn wa ni mo wò ó, ẹsẹ̀ mi sì mọ ibi tí ọwọ́ kúkúrú dúró sí kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé n kò ní lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ni mo bá jáde sí àárín èrò, mo lọ dúró bí ẹni pé ibẹ̀ ni àyè súfẹ́lífù, ọmọ aago méjìlá, tí a bá ń ṣeré. Èmi nìkan ni mo dúró síbẹ̀, gbogbo ojú ọjà ń wò mí. Ọmọ apẹja ló kọ́kọ́ yé. Ó sáré wá, ó jókòó sí àyè fíà. Àwọn tó kù dà wá, wọ́n ń ti ara wọn, títí àwọn méjèèjìlá fi pé. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀.

Ìyá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí wa. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó gún ilẹ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀. N kò ka ibi tí mo dúró sí.

"Áínsì!" Ìgbésẹ̀ kan. "Súfáì!" Òmíràn. "Dráì!" Mo kọjá dráì, mo dúró láàárín òun àti fíà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tomijé-tomijé, sáré lọ dúró ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá sẹ́kìsì. Fíà na ọwọ́ sókè. Ọ̀pá Ìyá dún lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wa dúró gbagidi.

Ó yẹ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké e. Ó la ẹnu, ẹkún kò jẹ́ kí ohùn jáde. Ìyá kò wo òun. Èmi ló ń wò. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò mi orí. Ó kàn ń retí mi, bí ẹni tí kò ṣiyèméjì rárá pé mo lè wí.

"Háábù fíà!"

N kò mọ̀ pé ohùn mi ló jáde. Ó lọ títí dé ojú omi, àwọn atukọ̀ tí ń ru èkùrọ́ dúró wo ẹ̀yìn.

Ọ̀gá ọkọ̀ fò dìde, àgbá yí ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Háábù fíà! Yáà! Yáà!" Ó na aago rẹ̀ sí èrò kí wọ́n wò ó, bí ẹni pé gbogbo wọn mọ aago wò. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pupa ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ó sọ nǹkan fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ sì gbé ohùn sókè: "Aago mẹ́ta àbọ̀ gan-an ni! Ó ní èdè àwọn ni. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń pè é nílé nìyẹn."

Ọjà hó yèè. Obìnrin ẹlẹ́ja kan gbé mi sókè pẹ̀lú agbọ̀n lórí rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ lọ bá Ìyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń da Jámánì bolẹ̀, gígùn, láìmí. Ìyá dúró, ó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, "Háábù áínsì," ó sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń gbé àwo kalẹ̀. Aago méjìlá àbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tó ní náà nìyẹn, ó sì fún un.

Ó yí sí wa. "Alihamudulilai," ó wí. "Kò tíì yí padà lẹ́nu mi."

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ yẹn bá ń kọjá lójú ọ̀sà, kódà tí kò bá ní gúnlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á fun fèrè, á sì kígbe láti orí ọkọ̀ pé aago mélòó ló lù. Àwa á sá jáde bí eéṣú, a ó ṣe aago wa sí etí omi, a ó sì ké e padà sí i. Àwọn bàbá tí ń fẹjọ́ sùn tẹ́lẹ̀ ló wá ń bi wá nísinsìnyí pé, "Fúnfù ti lù bí?"

Tíṣà kò bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ibà dá súfẹ́lífù dúró sílé, àyè rẹ̀ ṣófo. Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó sínú iyanrìn láàárín wa. Bí mo ṣe gbéra níwájú rẹ̀, ó ké "Áínsì!"

"Tíṣà, ọmọ mi," ni Ìyá wí, "ibi tí ẹ jókòó sí yẹn, a kì í kà á." N kò rí Tíṣà kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá ti kú. N kò sí létí ọ̀sà mọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé nílé ọkọ, níbi tí kò sí iyanrìn gbígbóná, tí n kò sì rí Jámánì kan rí. Èdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí mi, bí kò ṣe nọ́ńbà méjìlá yẹn. Ojú ṣì ń tì mí. Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ ní kí n dìde sọ̀rọ̀ ní oṣù tó kọjá, ọ̀fun mi gbẹ bí ti àtijọ́, mo rí i bí gbogbo ojú ṣe yí sí mi. Mo tẹ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́ ilẹ̀, mo sì ń gbọ́ nínú ọkàn mi bí ọ̀pá kan ṣe gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

N kò ka ibi tí mo dúró sí. Mo gbé ẹsẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan.